Ohun tí Johnson bá Russell sọ lórí fóònù

Ẹni tó bá bi mí pé ibo ni kóun ti bẹ̀rẹ̀ bóun bá fẹ́ mọ ìjọba Lyndon Johnson nílẹ̀ Amẹ́ríkà, n kì í kọ́kọ́ dárúkọ ìwé. Mo máa ń ní kó lọ fetí sí fóònù ọkùnrin náà. Látìgbà tí wọ́n ti yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy lóṣù Kọkànlá ọdún 1963, tí Johnson tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ sì gorí àlééfà, ló ti ń jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ò sì fura. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú ní 1973, ó ní kí wọ́n ti àwọn ohùn náà pa fún 50 ọdún. Àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkàwé rẹ̀ ní Austin, ní Texas, ò dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tó wà níbẹ̀ ju 600 wákàtí lọ.

Èyí tí mo máa ń padà sí jù ni ti Richard Russell, sẹ́nétọ̀ láti Georgia. Russell ló fa Johnson lọ́wọ́ nígbà tó jẹ́ ọmọ tuntun nílé aṣòfin àgbà ní 1949. Kò níyàwó, nílé Johnson ló sì ti máa ń jẹun lọ́pọ̀ ìgbà. Òun kan náà ni olórí àwọn sẹ́nétọ̀ gúúsù tí kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ wà lójú kan.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Johnson fẹ́ kí Russell wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa wádìí ikú Kennedy, lábẹ́ Earl Warren, adájọ́ àgbà pátápátá. Russell ní òun ò lè bá Warren ṣiṣẹ́, òun ò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà rárá. Johnson dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ti bọ́, wọ́n ti kéde orúkọ ẹ̀. Russell janpata títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbà. Bẹ́ẹ̀ ni Johnson ṣe máa ń mú èèyàn: á bẹ̀ ọ́, á pọ́n ọ lé, á sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Ní báyìí, ẹ fò bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1964. Lásìkò yẹn, Russell àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ nílé aṣòfin fún nǹkan bí oṣù méjì, torí bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì tán, wọn ò lè dìbò lórí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú tí Johnson ń lé kiri, èyí tó máa fòpin sí yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Síbẹ̀ Johnson pè é. Ọ̀rọ̀ ogun Vietnam, ní Éṣíà, ló fẹ́ gbọ́. Russell ní òun ò rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ rí, òun ò rí bí àwọn ṣe máa jáde níbẹ̀ láìbá Ṣáínà jagun ńlá. Johnson ní bó ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn láti oṣù mẹ́fà. Ó wá sọ nípa sójà kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ilé, tó bí ọmọ mẹ́fà: gbogbo ìgbà tóun bá ń rò ó bóyá kóun kó ọmọ ogun lọ, bàbá ọmọ mẹ́fà yẹn lòun máa ń rí, ara òun á sì bù rìrì. Kí la fẹ́ rí gbà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ó tún béèrè pé, bí ààrẹ bá sá kúrò, ṣé wọn ò ní yọ ọ́ nípò?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Lórí òfin tí Russell kò fẹ́ rárá, Johnson borí rẹ̀. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà, ìbò 71 sí 29 pa àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́, Johnson sì fọwọ́ sí òfin náà lọ́jọ́ 2 oṣù Keje. Lọ́dún kejì, òfin ìdìbò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ òfin ìwọlé àjèjì ti oṣù Kẹwàá 1965 (kí àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà lónìí má gbàgbé, ìyẹn ló ṣí ilẹ̀kùn tí òfin 1924 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá mọ́ ará Áfíríkà).

Lórí ohun tí ẹnu àwọn méjèèjì kò lórí, tí wọ́n jọ mọ̀ pé kò dára, kò sẹ́ni tó mira. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1964, ilé aṣòfin àgbà dìbò 88 sí 2 pé kí ààrẹ ṣe bó bá ṣe wù ú ní Vietnam. Russell wà nínú 88 náà. Nígbà tó fi di 1968, sójà Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ ti ju 500,000 lọ, nígbà tí ogun náà sì fi máa parí, àwọn tó kú nínú wọn lápapọ̀ ju 58,000. Ti àwọn ará Vietnam fúnra wọn pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn agbaninímọ̀ràn ló ṣi Johnson lọ́nà. N ò gbà. Ẹni tí ara ẹ̀ ti bù rìrì ṣáájú, tó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀, kò ṣìnà. Ẹ̀rù ìdìbò ń bà á, kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo.

Ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì náà tú ká níkẹyìn. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ò tú u ká, bẹ́ẹ̀ ni Vietnam ò tú u ká. Ipò adájọ́ kan ní Georgia ni, lọ́dún 1968, tí Russell fẹ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí ìjọba ń fà sẹ́yìn.