Wolé-wolé wá wo fèrèsé wa lónìí

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹwàá, 2024

Ilé ti dákẹ́ báyìí, àwọn ọmọ ti sùn, bàbá wọn ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, èmi nìkan ni mo jókòó sí pálọ̀ tí mò ń wo fèrèsé tuntun tá a ti ń lé kiri láti oṣù kìíní. Ó ti rẹ̀ mí o, àmọ́ mi ò lè sùn láìkọ ti òní sílẹ̀, torí ọkùnrin kan tí mo rò pé ó kàn fẹ́ wá fi tépù wọn nǹkan kó sì máa lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, ọkàn mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀ látàárọ̀.

Ilé wa ní gúúsù London níbí, ilé àtijọ́ ni, láyé Queen Victoria ni wọ́n kọ́ ọ, irú ilé tí gbogbo ẹ̀ fara mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé ìparí. Fèrèsé ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní sash, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èèyàn á gbé ti ìsàlẹ̀ sókè kó tó ṣí. Ó rẹwà, èmi fúnra mi fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ pákó ẹ̀ ti jẹrà. Tó bá ti di oṣù kejìlá, atẹ́gùn á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé bíi pé ẹnì kan ń fẹ́ ẹ sí wa lọ́rùn, ilẹ̀ á mọ́ omi á ti ṣàn kalẹ̀ lára gíláàsì, ara ògiri nídìí fèrèsé yàrá ọmọbìnrin mi kékeré sì ti bu, ó dúdú, tí mo bá nù ún lónìí ó tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ náà sì ní ikọ́ fée. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé kí n fara dà á.

La bá pe kọ̀ǹpìnnì kan. Ọkùnrin wọn wá, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ní òun á yọ gbogbo ẹ̀, òun á fi ti ike sí i, ọjọ́ méjì péré, ẹ ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni, ilé yín ni. Owó tó pè ò wọ́n. Díẹ̀ ló kù ká san àsansílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá àgbà ará Jàmáíkà tó wà lápá ọ̀tún wa, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, wọ́n ti ń gbé àdúgbò yìí kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ní ọmọ mi, ṣé ẹ ti bi káńsù? Mo ní ti kí ni, Mọ́mì? Wọ́n wá là mí lọ́yẹ̀ pé àdúgbò wa jẹ́ conservation area, ibi tí ìjọba fẹ́ kí ojú àtijọ́ ẹ̀ wà bó ṣe wà, àti pé káńsù tún gbé òfin kan lé e lórí tó ń jẹ́ Article 4, òun ló gba ẹ̀tọ́ tí onílé ní níbòmíì láti pààrọ̀ fèrèsé iwájú ilé ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹnì kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ti fi ike sí i rí, káńsù ní kó yọ gbogbo ẹ̀ kó padà fi pákó sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló náwó lórí fèrèsé kan náà.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí wẹ́ẹ́bù káńsù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ó dùn mí gan-an pé ẹni tó ń jẹun nídìí fèrèsé lè wọ ilé èèyàn kó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láìwo nǹkan kan, torí ká ní a gbà á gbọ́, àwa ni káńsù máa kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe òun.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn èèyàn wa níbí mọ̀ ni pé àṣẹ méjì ló wà, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń pa á pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni planning permission, ìyẹn ń wo bí ilé ṣe rí lójú ẹni tó ń kọjá níta. Èkejì ni building regulations, ìyẹn ń wo ààbò, òtútù, atẹ́gùn, iná. Ilé tí kò sí ní conservation area lè má nílò ti àkọ́kọ́ rárá, àmọ́ kò sílé tó bọ́ lọ́wọ́ èkejì, láti oṣù kẹrin ọdún 2002 ni pípààrọ̀ odindi fèrèsé ti wọ abẹ́ òfin yẹn ní England àti Wales. Bóyá kí ẹni tó máa ṣe é wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FENSA tàbí CERTASS, àwọn àjọ tó ń forúkọ àwọn tó ń ṣe fèrèsé sílẹ̀, kí ìwé ẹ̀rí lè ti ọ̀dọ̀ wọn wá, tàbí kẹ́ ẹ pe àwọn building control, ìyẹn àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò, kí wọ́n wá wò ó. Ẹ má fojú kéré ìwé yẹn o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ilé, òun ni lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé fúláàtì, tiyín tún yàtọ̀, fúláàtì ò ní òmìnira tí ilé ní, ẹ bi káńsù, tó bá sì jẹ́ leasehold, ìyẹn tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún kan lẹ rà, ẹ tún bi ẹni tó ni ilẹ̀.

Káfíńtà tá a wá gbà, ọ̀jáfáfá ni, àmọ́ kò sí lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ yẹn, torí náà àṣẹ méjèèjì la fẹsẹ̀ ara wa wá. £258 la san fún fọ́ọ̀mù planning lọ́dún 2024 yìí. Wọ́n fẹ́ máàpù ilé ní ìwọ̀n 1:1250 tí wọ́n fi ìlà pupa yí ilẹ̀ wa ká, wọ́n fẹ́ dírọ́ìn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe máa rí, wọ́n fẹ́ kí n fi hàn bí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín gíláàsì ṣe nípọn tó tí èèyàn bá gé e láàárín wò, wọ́n tún ní kí n kọ àlàyé lórí ìtàn ilé náà. Mo fi ránṣẹ́ ní oṣù kìíní, wọ́n dá a padà torí pé dírọ́ìn kan ò ní ìlà tó ń fi ìwọ̀n hàn nísàlẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé ni, ilé sì tutù. Mo tún un ṣe. Wọ́n gbà á ní oṣù kejì, wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ òpó iná iwájú ilé wa, àdírẹ́sì wa gàdàgbà lórí ẹ̀, pé ẹni tó bá ní nǹkan sọ kó sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 21. Ojoojúmọ́ tí mo bá ń mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ni mo máa ń wo ìwé yẹn nínú òjò. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Mọ́mì tiẹ̀ kọ̀wé sí wọn pé àwọn fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n máa ń lò, wọn ò sì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí káfíńtà tú ti àtijọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, ó pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ó yọ pákó ẹ̀gbẹ́ kúrò, inú ẹ̀ ṣófo bí àpótí, irin gbọọrọ méjì ló so rọ̀ níbẹ̀ lọ́tùn-ún, méjì lósì, wọ́n rí bí ọmọ odó kékeré, wọ́n ti dípẹtà, okùn tó so wọ́n ti gbó, ọ̀kan tiẹ̀ ti já, ó sùn sísàlẹ̀. Irin yẹn ló ń wálẹ̀ tí èèyàn bá ti gbé fèrèsé sókè, òun ni kì í jẹ́ kó já lu èèyàn lọ́wọ́. Mo gbé ọ̀kan, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi tọ́jú àpótí yìí sẹ́yìn bíríkì, tí èèyàn ò rí i níta? Ó ní iná ni. Lẹ́yìn iná ńlá tó jó London ní 1666, wọ́n ṣe òfin léraléra, ti 1709 ní kí wọ́n ti fèrèsé wọnú ògiri ní íńṣì mẹ́rin, ti 1774 ní kí wọ́n fi bíríkì bo àpótí ẹ̀, kí iná má baà máa ti ara pákó ilé kan fò sí òmíì. Látìgbà yẹn ni fèrèsé ibí ti rì sínú ògiri. Èmi rò pé nítorí ẹwà ni.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti òní.

Wolé-wolé ni mo ń pe ọkùnrin building control tó wá lónìí nínú ara mi, torí Màámi máa ń sọ ìtàn àwọn wolé-wolé ìgbà èwe wọn, tí wọ́n máa ń yọjú sínú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi, tí gbogbo agboolé á sì máa sá kiri. Ti ibí yìí ò le mọ́ èèyàn. Ó bọ́ bàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó wo gíláàsì ìsàlẹ̀ ní pálọ̀, ó wá àmì kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀ tó ń fi hàn pé irú èyí tí kì í fọ́ ṣe èèyàn léṣe ni, torí gíláàsì fèrèsé tó bá ti wà nísàlẹ̀ 800 mílímítà sí ilẹ̀, irú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó wo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà lókè. Ó ní ó dáa.

A gòkè lọ sí yàrá ọmọ. Ó gbé fèrèsé sókè, kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dúró gbagidi. Káfíńtà ti fi nǹkan sí i kí ọmọ má baà já bọ́, kọ́kọ́rọ́ ló ń tú u. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ń kọ́? Mo ní ó wà nísàlẹ̀. Mo sáré lọ sí kíṣìnì, mo fa dúrọ́ọ̀, mo tú u, bátìrì, okùn rọ́bà, rìsíìtì, kọ́kọ́rọ́ ilé tá a ti kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́, mi ò rí i, mo ṣí dúrọ́ọ̀ kejì, ibẹ̀ ni mo ti rí i nínú àpò ọ̀rá. Ó máa tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n tó padà dókè. Ó ṣí i, ó wọ̀n ọ́n, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi: ibi tó ṣí gbọ́dọ̀ tó 450 mílímítà ní fífẹ̀, kó tó 450 ní gíga, àmọ́ 450 lọ́nà 450 nìkan ò tó, gbogbo àyè ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 0.33 mítà níbùú lóròó, ìdí ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ga ju 1,100 lọ sí ilẹ̀. Kí èèyàn lè gbabẹ̀ jáde ni. Tiwa fẹ̀ tó 820, ó ṣí dé 610. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ṣé ọmọ mọ ibi tó wà?"

Mi ò lè dáhùn.

Kò bá mi wí o. Ó ní fèrèsé ti yege, ìwé ẹ̀rí á wá nínú ímeèlì, ó wọ bàtà ẹ̀, ó lọ. Èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Oṣù tó kọjá ni ìwé ìwádìí ìkẹyìn lórí Grenfell, ilé gogoro tó jóná ní London níbí, jáde, èèyàn 72 ló bá iná yẹn lọ ní ọdún 2017, mo rántí òórùn ọjọ́ yẹn, mo rántí pé láti kíṣìnì kan ló ti bẹ̀rẹ̀ tó sì gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jáde síta. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń pe àṣẹ yìí ní wàhálà, àwọ̀ pákó àti dírọ́ìn ni mò ń bá jà, kò sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ mi ni wọ́n ń wọn fèrèsé yẹn fún.

Ibi tí ọkàn mi sì sáré lọ lẹ́yìn ìyẹn ni Òkè-Àdó. Ilé tí bàbá wa kọ́ n'Ìbàdàn, gbogbo fèrèsé ẹ̀ ló ní irin bọ́gílárì, ìgbà tí olè ń yọ àdúgbò lẹ́nu ni bàbá ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì mọ irin yẹn mọ́ ògiri pátápátá, kò sí èyí tó ń ṣí. Màámi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Yàrá wọn ló wà ní ìparí kọ́rídọ̀, kíṣìnì àti sìlíńdà gáàsì ló wà láàárín wọn àti ilẹ̀kùn ìta. Gbogbo wa la dàgbà sínú irin yẹn tá a sì ń sùn pé ààbò ni.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá mi lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní òyìnbó ti kó sí mi lórí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n ní Àjọkẹ́, mo ti rò ó rí, lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì gbaná. Wọ́n ní àwọn á pe wẹ́dà ní Sátidé, kó gé ti yàrá Màámi, kó fi ínjì sí i bí ilẹ̀kùn kékeré, àgádágodo á wà nínú. Màámi gba fóònù, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ń kọ́, àwọn á máa so ó mọ́ etí ìró àwọn. Mo ní rárá Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kan ìṣó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín, ibi tọ́wọ́ yín máa dé lókùnkùn, tọ́wọ́ ẹni tó wà níta ò sì ní dé. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tí ọmọ ti ilé ìwé dé, mo fi rìbọ́nì pupa so kọ́kọ́rọ́ tiwa, mo fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀. Mo ní kó pa iná yàrá, kó wá a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó rí ihò ẹ̀ àmọ́ kò rántí pé òun máa gbé fèrèsé sókè. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ń kà sókè nínú òkùnkùn, mi ò tíì dé mẹ́tàlá tí mo fi gbọ́ ìró ọkọ̀ àdúgbò àti òtútù lójú mi.