Kí Bọ̀dá Mi Tó Ra Ilé sí Aṣálẹ̀

Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Ooru òní lágbára. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ, fáànù dúró sókè àjà, inú ilé wá dà bí inú ààrò. Mo gbé àga jáde sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Kànga wa ti ń gbẹ lọ. Ìdajì korobá ni omi tí mo fà láàárọ̀, ẹrẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí oṣù kẹta ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n láti àná ni ọ̀rọ̀ ooru kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí Bọ̀dá mi pè mí.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bọ̀dá ti wà ní Chicago. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yìí ni wọn yóò pé ọdún 67, ìgbà náà ni wọn yóò sì fẹ̀yìntì. Òtútù ìlú yẹn ti wọ inú orúnkún wọn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n fi ọwọ́ gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì dá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn kò ní darúgbó sínú yìnyín. Èmi rò pé ilé ni wọ́n ń bọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Àjọkẹ́, Phoenix ni mò ń kó lọ. Mo ti rí ilé." Oṣù kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí ni wọ́n lọ wo ìlú náà, tó wà nínú aṣálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ tura, ọsàn pọ́n lórí igi nínú ọgbà àwọn èèyàn, àwọn wọ ẹ̀wù alápá péńpé rìn káàkiri, orúnkún kò dun àwọn rárá. Mo bi wọ́n bóyá ooru ibẹ̀ kò ní pọ̀ jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi ọmọ Ajílété? Ooru wo ló kù tí n kò tíì rí?" Wọ́n ní kí n rò ó, kí n sọ èrò ọkàn mi fún àwọn lálẹ́ òní.

Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní jọ́gíráfì. Mo ti ya aṣálẹ̀ sójú pátákó láìmọye ìgbà, mo ti sọ̀rọ̀ nípa iyanrìn, ràkúnmí àti òjò tí kì í rọ̀. Ó ń dùn mí báyìí pé n kò kọ́ wọn rí nípa bí arúgbó ṣe ń gbé ibẹ̀. Mo jókòó ti fóònù mi lóru àná títí aago kan fi lù, mò ń kà nípa Phoenix.

Ohun àkọ́kọ́ tó dá mi dúró ni òru ibẹ̀. Ooru tiwa, bó ti wù kó mú tó, ó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sùn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, afẹ́fẹ́ á fẹ́, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó bá sì di ìdájí, ẹlòmíràn á máa wá aṣọ bora. Ara rí àyè sinmi. Ní Phoenix, ní 19 oṣù keje ọdún 2023, ooru kò wá sílẹ̀ ju dígírì 36 lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: dígírì 36 ni ibi tó ti tutù jù lọ lọ́jọ́ náà. Ohun tí èmi ń sá fún lábẹ́ igi máńgòrò yìí ní aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fi ṣe òru. Kọnkéré àti ọ̀dà títì wà lára ohun tó ń fà á. Wọ́n á mu oòrùn sínú ní gbogbo ọ̀sán, wọ́n á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Ọjọ́ 31 tẹ̀ léra wọn lọ́dún yẹn kan náà, láti òpin oṣù kẹfà dé òpin oṣù keje, ni ooru ọ̀sán fi ń dé dígírì 43 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 113 tẹ̀ léra wọn tí kò sí ọ̀kan tí ooru rẹ̀ kò sún mọ́ 38 tàbí kó kọjá rẹ̀. Bọ̀dá mi sì lọ wo ìlú náà lóṣù kejì. Ọjọ́ tó wọ aṣọ àríyá ni wọ́n rí i.

Bọ̀dá ní ooru gbígbẹ ni, pé òógùn kì í lẹ̀ mọ́ni lára bíi tiwa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọyẹ́, wọ́n mọ bó ṣe ń la ètè, bó ṣe ń mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n mú gbígbẹ ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní, kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ooru oṣù kẹta, kí wọ́n tún fi dígírì méje tàbí mẹ́jọ lé e: ibi tí wọ́n ń kó lọ nìyẹn. Níhìn-ín, tí ẹ̀yìn aṣọ mi bá ti tutù, mo mọ̀ pé omi ń jáde lára mi, màá wá nǹkan mu. Níbẹ̀, òógùn ń gbẹ kí èèyàn tó rí i. Omi lè tán lára ẹni kí aṣọ rẹ̀ ṣì gbẹ.

Èyí ló mú mi rántí Màmá. Bọ̀dá kò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́, mo sì mọ̀ pé n kò ro gbogbo rẹ̀ fún wọn nígbà náà nítorí n kò fẹ́ kí ọkàn wọn pòrúùru. Oṣù kẹta bí irú èyí náà ni. Màmá ti pé 78, wọ́n ń dá gbé nílé wa ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, torí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ láti wá bá mi gbé. Omi kò wù wọ́n mu. Tí mo bá gbé e fún wọn, wọ́n á ní òùngbẹ kò gbẹ àwọn. N kò mọ̀ pé bí ara bá ti ń dàgbà ni kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ fún èèyàn mọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo rò pé bí wọn kò bá béèrè, wọn kò nílò rẹ̀ ni.

Láràárọ̀ ni Ìyá Ṣadé ẹlẹ́kọ, ojúgbà mi, máa ń polówó kọjá níwájú ilé. Màmá á pè é, wọ́n á ra ẹ̀kọ mẹ́ta, wọ́n á jọ tàkúrọ̀sọ díẹ̀, obìnrin náà á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó polówó kọjá, kò gbọ́ ohùn Màmá. Ó lọ. Ó dé ìkòríta, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó padà. Aago mẹ́jọ ti kọjá, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ó sọ ẹrù ẹ̀kọ kalẹ̀, ó pe àwọn ọmọkùnrin ọlọ́kadà tó wà nítòsí, wọ́n já ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá Màmá, ètè wọn gbẹ bí èèpo igi, wọ́n ń bá bàbá wa tó ti kú sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Dókítà ní omi ló tán lára wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fa omi sí wọn lára. Nígbà tí ojú wọn máa wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló sanwó ẹ̀kọ Ìyá Ṣadé tó tutù síta. Ọdún mẹ́fà ni Màmá tún lò láyé lẹ́yìn náà.

Mo ń rò ó lóru: ta ni yóò polówó kọjá lẹ́nu ọ̀nà Bọ̀dá mi? Lóṣù keje ní Phoenix, ìwọ̀nba èèyàn ni yóò máa fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò lọ́sàn-án. Láti inú ilé sínú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, fèrèsé ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù ń pariwo. Ilẹ̀ gan-an ń jóni. Ọ̀dà títì lè gbóná kọjá dígírì 70, arúgbó tó bá sì ṣubú lé e lè bó lára kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dìde. Ìṣubú tí wọ́n ń sá fún ní Chicago ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ní agbègbè Maricopa, níbi tí Phoenix wà, àwọn aláṣẹ ka ikú 645 tí ooru lọ́wọ́ sí lọ́dún 2023, wọ́n tún ka 608 lọ́dún 2024. Gbogbo wọn kì í ṣe arúgbó, púpọ̀ nínú wọn kò sì nílé lórí. Ṣùgbọ́n lára àwọn tó kú sínú ilé, ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀rọ amúlétutù. Kò kàn ṣiṣẹ́ ni.

Lọ́dọ̀ wa, tí iná bá lọ, a ó bínú, a ó jáde síta. Níbẹ̀, ìta ni ewu wà. Lọ́dún 2018, obìnrin ẹni ọdún 72 kan kú sínú ilé rẹ̀ ní Sun City West, ní ẹ̀bá Phoenix, lẹ́yìn tí wọ́n já iná rẹ̀ nítorí pé ó jẹ gbèsè dọ́là 51. Ariwo ikú rẹ̀ ló mú kí ìpínlẹ̀ Arizona ká àwọn iléeṣẹ́ iná lọ́wọ́ kò láti máa já iná oníbàárà nígbà ooru nítorí gbèsè. Mo ka èyí, mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò lè tẹ̀ síwájú fún ìgbà díẹ̀. Dọ́là 51! Bọ̀dá mi kò ní jẹ gbèsè iná, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè bàjẹ́ lálẹ́ Àbámẹ́ta, ìgbàgbé ogbó sì lè mú kí èèyàn má sanwó tó ní lọ́wọ́.

Ilé tí wọ́n rí wà ní irú àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀. Sun City, ní ẹ̀bá Phoenix, tí agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ kan tó ń jẹ́ Del Webb ṣí sílẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1960, ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó kéré tán, ẹnìkan nínú ilé gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 55, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Ọmọ-ọmọ lè wá kí ọ, àlejò ni yóò jẹ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ mọ́, ó dákẹ́, àwọn àgbà ń ṣeré pa pọ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi kò lè gbé ibẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn ọmọ aládùúgbò ti sọ òkò lu igi máńgòrò yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti jágbe mọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti bi ọ̀kan pé ṣé ó ti jẹun. Ní Chicago, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ọmọ-ọmọ Bọ̀dá ń wá sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ ìlú wa sì ń ṣèpàdé lóṣooṣù, níbi tí ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì ti ń di ẹni tí wọ́n ń wá lọ sílé.

Àìsàn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Valley fever. Nǹkan kan tó jọ ewú tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ló ń fà á, àmọ́ inú iyẹ̀pẹ̀ aṣálẹ̀ ni èyí ń gbé. Tí ìjì bá ru eruku sókè, èèyàn á fà á símú, á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yá láìlo oògùn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe àwọn. Ṣùgbọ́n ó máa ń le lára àgbà, lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti lára àwa aláwọ̀ dúdú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bọ̀dá mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò sì tún ń mú wọn tọ̀, ó ń dín omi kù lára wọn. Kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá oníṣòwò ilé kankan sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ omi ìlú náà kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Odò Colorado ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ojú ipa omi tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 540 wá, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì kéde lọ́dún 2021, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé odò náà kò tó pín mọ́. Ẹ̀rọ omi ṣì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Èmi tó fa ẹrẹ̀ láàárọ̀ kò ní fi ìyẹn dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun.

N kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò lé wọn padà sínú yìnyín. Orúnkún wọn ló ń dùn wọ́n, kì í ṣe tèmi. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ìlú náà dára bí wọ́n ṣe sọ, ọ̀pọ̀ arúgbó ló sì ń gbé ibẹ̀ nígbà òtútù nìkan, tí wọ́n á padà sílé tí ooru bá ti ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má tíì ta ilé Chicago. Kí wọ́n háyà yàrá ní Phoenix ní oṣù keje àti ìkẹjọ, kí wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, kí wọ́n wo iye owó iná, kí wọ́n gbìyànjú láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì ka iye ẹni tó kí wọn lójúmọ́.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Iná kò tíì dé, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ èyí.

Mo ti pè wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ti Màmá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé. Ni wọ́n bá béèrè pé, "Ìyá Ṣadé yẹn, ṣé ó ṣì ń ta ẹ̀kọ?"

Mo ní ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó kiri mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ọjà Igbó, mo rí i níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i. Wọ́n ní àwọn á fi nǹkan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí n mú un lọ fún un. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ilé náà, n kò sì bi wọ́n.