Duchess Bàbá Lọ́ńdọ̀nù

Gbogbo ẹbí wa ní Abẹ́òkúta ló mọ̀ pé obìnrin òyìnbó kan ló gba Bàbá Lọ́ńdọ̀nù mọ́ wa lọ́wọ́. Duchess ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló kọ́kọ́ dé ìlú ọba nínú ẹbí, nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá lọ sí Liverpool. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Lẹ́tà ló máa ń kọ, oríṣi aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra. Inú lẹ́tà wọ̀nyẹn ni Duchess ti yọjú. "Ọ̀dọ̀ Duchess ni mo wà láti àárọ̀ Sátidé títí ilẹ̀ fi ṣú." "Ẹ má bínú, owó tí mo fi ránṣẹ́ kò tó nǹkan, Duchess ló ṣàìsàn." "Ara Duchess ti yá, ó ti ń sáré." Nígbà tí wọ́n ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sí ìyá ńlá mi létí, ẹkún ló bú sí. Ó gbààwẹ̀, ó gorí òkè. Wòlíì kan ní Ìtòkò ní òun rí obìnrin náà kedere: aṣọ àwọ̀ ewé ló wọ̀ látòkè délẹ̀, ó ń pòòyì lójú kan, ọmọ ìyá ńlá mi sì jókòó tì í, kò lè dìde.

Ẹni ọdún 84 ni Bàbá nígbà tó kú. Èmi tí mò ń gbé ní Lewisham, tí mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, èmi ló fi gbogbo Hornby Dublo rẹ̀ sílẹ̀ fún. Bí lọ́yà ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà nìyẹn, kò fi àlàyé kankan sí i. Yàrá kan wà nílé Bàbá tí kì í ṣí fún àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti bá ogún mi, páálí lórí páálí dé àjà.

Kí n tó tú ẹrù tán, ẹbí ti pe ìpàdé lórí WhatsApp. Bọ̀dá Àgbà tó wà ní Láfẹ́nwá ló ṣe alága.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n wa fi sílẹ̀?"

"Ọkọ̀ ojú irin ni, sà."

Gbogbo wọn dákẹ́.

"Mélòó?"

"Ẹ̀ńjìnnì mẹ́jọ, sà. Kọ́ọ̀ṣì àti wágọ̀nù ò lóǹkà."

"Ẹ̀ńjìnnì mẹ́jọ! Ṣé èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ gan-an tó bẹ́ẹ̀?"

Ibi tí mo ti fẹ́ ṣàlàyé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Nígbà tí mo máa padà wọlé, wọ́n ti ń pín in. Ẹnì kan ní kí n fi tòun sínú kọ̀ǹténà, òun á gbà á ní Tin Can. Ẹlòmíràn ní òun kò ráyè ẹ̀ńjìnnì, kí n ta tòun kí n fowó ránṣẹ́. Bọ̀dá Àgbà fẹ́ mọ̀ bóyá dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń mu tàbí eédú. Mo ya ẹ̀ńjìnnì kan ní fọ́tò, mo gbé agolo mílíìkì tì í kí wọ́n lè rí bó ṣe tó, mo fi ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fọhùn mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, tí Bọ̀dá Àgbà fi kọ ọ́ pé kékeré ni o, ńlá ni o, ogún ni ogún ń jẹ́, òun ń retí ìpín òun.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ Meccano ní Liverpool ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Hornby Dublo, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré, lọ́dún 1938, ọdún méjì lẹ́yìn tí Frank Hornby tó dá Meccano sílẹ̀ kú. Ìṣeré ọmọdé ni wọ́n pè é, àmọ́ ẹ wo bí irùngbọ̀n àwọn tó ń rà á ṣe funfun tó. Ojú irin tó gba Láfẹ́nwá kọjá, mílímítà 1067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ti inú páálí Bàbá, 16.5 péré. Ẹ̀bá ojú irin Láfẹ́nwá yẹn ni wọ́n sì bí Bàbá sí. Ìyá mi ní ó máa ń sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ wo ẹ̀ńjìnnì tó ń bumi mu, wọ́n á nà án, á tún lọ.

Nígbà tí Màámi wá kí wa ní ìsinmi àwọn ọmọ, mo ti ṣàlàyé fún un lórí fóònù títí ẹnu fi ń ro mí. Kò gbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ mi pé kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, léèsì ló wọ̀, gèlè dúró ṣánṣán, iyùn wà lọ́rùn.

"Mú mi lọ bá a. Mi ò ní bá a jà. Mo kàn fẹ́ kó rí mi ni."

Mo gbé páálí wá, mo yọ Duchess sórí tábìlì. Duchess of Montrose ni orúkọ rẹ̀ gún régé, nọ́ńbà rẹ̀ 46232. Ìlú Crewe ni wọ́n ti kan èyí tó jẹ́ ojúlówó lọ́dún 1938, wọ́n sì ti tú u tà fún oníjàǹkáríwọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ti Bàbá náà kì í ṣe ike o. Irin ni, ó wúwo lọ́wọ́, ọ̀dà àwọ̀ ewé sì bò ó láti orí dé ìdí.

Màámi wò ó títí. Ó fi ìka kàn án.

"Àwọ̀ ewé," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Wòlíì yẹn mà ríran o!"

Lójú ẹsẹ̀ ló pe àbúrò rẹ̀ tí kò sí lórí WhatsApp.

"Mo ti fojú kan Duchess."

"Ó ṣì wà láyé?"

"Inú páálí ló wà."

"Yéè! Látọjọ́ yìí, wọn ò tíì sin ín? Òyìnbó!"

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti dé. Màámi ní ẹni tó bá ọmọ ìyá òun gbé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò yẹ kí eruku bò ó mọ́lẹ̀ báyìí. Mo tibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá kọ́ọ̀ṣì nínú síńkì, ọṣẹ ń hó lórí wọn, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ Màámi, ó ń kọrin. Páànù tí wọ́n tẹ àwòrán sí lára ni kọ́ọ̀ṣì wọ̀nyẹn. Ẹ mọ ohun tí omi ń fi páànù ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ Táyé tó figbe ta pé iná máa ń wà nínú Duchess, ni kò jẹ́ kí òun náà wẹ̀. Òrí ni Màámi fi pa Duchess lára dípò rẹ̀, orí, ìdí, ẹsẹ̀, pàápàá ẹsẹ̀, torí ó ní ó ti gbẹ jù. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun ni mo fi gbẹ kọ́ọ̀ṣì títí òru. Ẹ má béèrè bí irun mi ṣe rí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Ìbejì ní òun á mú un rìn. Iṣẹ́ iná ló kà ní pólì, kò sì tíì sí ohun kan tó bàjẹ́ nílé wa tí kò kọ́kọ́ wò, kó ní "kékeré lèyí." Ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń fún wọn níná ti gbó, rọ́bà ara wáyà rẹ̀ ń bó bí èèpo ẹ̀pà, ó dára tí kò tì í bọ ara ògiri. Ó ra tuntun, èyí tó ń gbé fóltì 12 jáde.

Ibi tí wàhálà wà ni pé oríṣi ojú irin méjì ló wà nínú ogún yìí. Onírin mẹ́ta ni Dublo nígbà tó bẹ̀rẹ̀: iná á gba irin àárín wọlé, á gba ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde, nítorí náà kò sí ohun tó kan ẹnikẹ́ni bí táyà ẹ̀ńjìnnì bá jẹ́ irin látọ̀tún dósì. Ọdún 1959 ni wọ́n gbé onírin méjì jáde. Lórí ìyẹn, iná ń gba apá kan wọlé, ó ń gba apá kejì jáde, táyà ò sì gbọdọ̀ so apá méjèèjì pọ̀. Onírin mẹ́ta ni Duchess. Onírin méjì ni Bàbá Ìbejì tò yí pálọ̀ ká, torí ó ní òun ló jọ ojú irin gidi. Ó gbé Duchess lé e, ó tan iná. Ẹ̀rọ náà pọ́n, ó kú. Ó tún un tan, ó tún kú. Lọ́kọ mi bá dojú bolẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó na tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ Duchess.

Báyẹn ni Màámi ṣe wọlé bá a.

"Háà, Bàbá Ìbejì! Ó tó, ó tó. Láàárọ̀ yìí náà lẹ ṣì dọ̀bálẹ̀. Ẹ dìde."

Kò lè dìde, ẹ̀yìn ti gán an. Màámi rò pé ìwà ọmọlúwàbí ló pọ̀ jù, ó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó súre fún un, ó súre fún bàbá tó bí i, ó dé orí àwọn ọmọ, ó dé orí ìwé ìgbélùú. Láti orí ilẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ṣe àmín, tọ́ọ̀ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kẹ́hìndé tó ti ń ka ìwé pélébé inú páálí ló sọ pé irin tí wọ́n tò kì í ṣe ti Duchess. A tú u, a to onírin mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, iná ò kú. Táyà Duchess yí, ó yí, ó yí, àmọ́ kò kúrò níbi tó wà. Òrí ti jẹ́ kí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yọ̀.

"Ó ń pòòyì lójú kan," Màámi ní. Ó ká ọwọ́ lérí. "Lójú kan! Gẹ́gẹ́ bí wòlíì ṣe sọ ọ́."

Bàbá Ìbejì yí bọ́tìnì lọ sókè títí ó fi dópin, pàbó. Ó gbé Duchess, ó fi sípíríìtì nu táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí òrí fi kúrò, ó gbé e padà sórí ojú irin. Bọ́tìnì yẹn ṣì wà lókè téńté.

Duchess kò kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ. Ó fa kọ́ọ̀ṣì àti wágọ̀nù lẹ́yìn, ó kọjá lábẹ́ tábìlì, nígbà tó sì dé kọ́nà tó wà lẹ́sẹ̀ àga Màámi, kò yà. Àwọn tó ń lọ tààrà ló bá lọ. Màámi ti fi ìfẹ̀lẹ̀ gbé gàrí tútù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà, ṣúgà àti mílíìkì tó ti inú fìríìjì jáde. Irin wúwo pàdé ife. Gàrí fò, ó dà sórí ojú irin, ẹ̀rọ iná pọ́n, ó kú. Wágọ̀nù tí wọ́n ṣe fún eédú, gàrí Ìjẹ̀bú ló kó lọ́jọ́ náà, ó kún dé etí.

Ìbejì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Duchess, ó yọ ẹ̀pà kúrò lójú rẹ̀, ó sì bá a wí bí ẹní bá ìyàwó ilé wí: "Mo fi òrí pa ọ́ lára, o wá da gàrí mi nù. Ohun tójú ẹ̀gbọ́n mi rí lọ́wọ́ rẹ nìyí?"

Lẹ́yìn tó ti padà sílé ni ọkùnrin kan tó ń ra irú nǹkan báwọ̀nyí wá wo ogún mi, torí mo fẹ́ mọ iye tó tó. Ó yẹ Duchess wò, ó gbóríyìn fún ọ̀dà rẹ̀ (òrí yẹn dára fún ọ̀dà, ẹ má tan ara yín). Ó wá béèrè páálí rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó o jọ, páálí tí wọ́n fi tà á ní ṣọ́ọ̀bù, owó gidi ni. Mo lọ sínú yàrá, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀ńjìnnì mẹ́jọ ló sùn síbẹ̀, gèlè mi àtijọ́ ni wọ́n fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo pe Màámi.

"Páálí kéékèèké tó le dáadáa yẹn? Òun ni mo fi di ẹrù. O ò rí i pé bíṣíkíìtì ò rún dé ilé?"

Ó ti pín wọn káàkiri Abẹ́òkúta. Òwú ìránṣọ wà nínú ọ̀kan, tíì wà nínú ọ̀kan. Ti Duchess gan-an, Bọ̀dá Àgbà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é, mo kí i dáadáa, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi páálí búlúù yẹn ránṣẹ́.

"Èyí tí mò ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí? Ó bá a mu gẹ́lẹ́ o." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àbí ó lówó lórí ni?"

"Ó lówó lórí díẹ̀, sà."

"Ṣé o rí i. Ìpín mi nìyẹn. Bá mi kí Bàbá Ìbejì."