Ẹ̀yin tó ń sun òòfà ferrite, ẹ yé fi ìṣó dán an wò

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ti mọ SrFe12O19, ìyẹn òòfà ferrite fúnra rẹ̀, ẹ sì ti mọ bí a ṣe ń po SrCO3, èròjà tó ní strontium nínú, mọ́ Fe2O3, ìpẹtà irin, n kò ní dá yín dúró síbẹ̀. Àṣìṣe kan ló mú mi kọ èyí. Gbogbo ọ̀wọ́ tó bá wọ yàrá iṣẹ́ ló ń ṣe é. Bí ọ̀wọ́ kan bá lọ, èyí tó tẹ̀lé e á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n á yọ òòfà kúrò nínú ìléru, wọ́n á fún un lágbára, wọ́n á fi fa ìṣó, ìṣó á lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí.

Kò tíì parí. Nǹkan méjì là ń wá lára òòfà. Ọ̀kan ni agbára tó ṣẹ́kù sí i lára, èyí tí à ń kọ ní Br. Èkejì ni agídí rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti jẹ́ kí agbára òòfà tó dojú kọ ọ́ gba tọwọ́ rẹ̀. Òun là ń kọ ní Hci. Ìṣó kò lè sọ ohunkóhun fún yín nípa agídí.

Àkọ́kọ́, ìwọ̀n. Bí Fe2O3 bá jẹ́ 1000 gíráàmù, 154 gíráàmù SrCO3 ló bá ìṣirò mu, ṣùgbọ́n 159 ni kí ẹ fi sí i. Irin ara bọ́ọ̀lù tí ẹ fi ń lọ̀ ọ́ máa ń ho wọ inú rẹ̀, SiO2, èròjà inú yanrìn, tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà sì máa ń jẹ nínú strontium. Bí strontium kò bá tó, Fe2O3 tí kò rí ẹnì kejì á jókòó síbẹ̀ láìwúlò.

Èkejì, sísun àkọ́kọ́: 1200°C sí 1250°C, wákàtí méjì. Tí ẹ bá fọ́ ọ, tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, kò tíì jinná.

Ẹ̀kẹta, lílọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú omi títí hóró fi sún mọ́ 0.8 máíkírómítà (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Hóró tí kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 1 lọ kì í pín sí méjì nínú: gbogbo rẹ̀ ló kọjú síbì kan, bó bá sì máa yí padà, àfi kó yí lódindi, ìyẹn sì ṣòro. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ á pín sí agbo méjì, agbo mẹ́ta, ààlà àárín wọn á sì máa sún kiri ní kété tí agbára òdìkejì bá ti kàn án. Ibẹ̀ ni agídí ń gbà lọ.

Ó yẹ kí n máa ka ẹ̀kẹrin lọ, ṣùgbọ́n sísun ìkejì, lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ nínú agbára òòfà, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, ibẹ̀ ni màá dúró sí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìléru kọ 1220°C sójú. Wáyà tó ń wọn ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òòfà wà láàárín, níbi tí ooru ti fi 30°C ju ti ògiri lọ. Láàárín wákàtí kan, hóró ńlá ti ń gbé kéékèèké mì. Ihò inú òòfà ń dí, ìwúwo rẹ̀ dé 5.0 g/cm³, bẹ́ẹ̀ 5.1 ni òpin rẹ̀. Br gan-an á gòkè díẹ̀, torí ihò ti dín kù, àwọn hóró tó kọjú síbi tó yẹ sì ti jẹ àwọn tó yà kúrò lọ́nà. Inú gbogbo èèyàn á dùn. Hci tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 250 sí 300 kA/m ti wó dé ìdajì, kò sì sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Ó di ìgbà tí wọ́n bá kó òòfà náà sínú mọ́tò tó ń yí waipa ọkọ̀, tí òtútù sì dé. Inú òtútù ni agídí ferrite ti ń dín kù, nǹkan bí 0.3% fún ìwọ̀n Celsius kan. Ẹ má rò pé ooru nìkan ni ọ̀tá òòfà. Iná wọ wáyà mọ́tò, ó ti òòfà sẹ́yìn, òòfà pàdánù agbára tí kò tún ní padà bọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó sun ún kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ẹni tó ra ọkọ̀ ló ń jìyà.

Ẹ fọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ gbé ojú ibi tó ti là sábẹ́ iná, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dára máa ń ṣú bí èédú. Èyí tí hóró rẹ̀ ti dàgbà jù á máa tàn yinrinyinrin bí ìpẹ́ ẹja, ojú lásán á sì rí hóró mìíràn nínú rẹ̀.

SiO2 àti CaCO3, èròjà inú ẹfun, la fi ń ṣọ́ hóró kó má dàgbà jù. SiO2 0.3% sí 0.5%, CaCO3 bíi 1%, nígbà lílọ̀ ni kí ẹ dà wọ́n sí i. SiO2 nìkan á dá hóró dúró, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí òòfà kì. CaCO3 ló ń bá a yọ́ sáàárín hóró kí ihò lè dí. Tí SiO2 bá kọjá 1%, strontium tí ẹ fi kún un kò ní tó o mọ́.

Ẹ sún wáyà tó ń wọn ooru, Type S, mọ́ ẹ̀gbẹ́ òòfà gan-an. Ẹ sun ti ìdánwò ní 1180, 1200, 1220 àti 1240°C, kí ẹ wọn Br àti Hci ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kó ọ̀pọ̀ wọlé. Ẹ má kánjú gbé ooru sókè pẹ̀lú: òòfà tí a tẹ̀ nínú agbára òòfà máa ń sún kì ní bíi 22% síhà tó kọjú sí, àti bíi 13% ní ìbú, ìkánjú ló sì ń là á.

Èyí tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ohun à ń dà nù. Ẹ gún un, ẹ lọ̀ ọ́ padà sí 0.8 máíkírómítà, kí ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ tuntun. Ẹ má fi SiO2 mìíràn bu fún apá tó ti jóná tẹ́lẹ̀ yẹn. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi sí i ṣì wà nínú rẹ̀.