Ọjọ́ Tí A Fi Ẹ̀tù Ṣí Ọ̀nà Orí Òkè

Àpáta ràgàjì kan já bọ́ láti òkè, ó sì jókòó sáàárín ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn tí ń gun òkè máa ń gbà, bí onílé tí ń dúró de owó ilé. Apá kan ọ̀nà náà jẹ́ ògiri òkúta, apá kejì jẹ́ ọ̀gbun, nítorí náà kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Àwa tí a yọ̀ǹda ara wa láti máa tún ọ̀nà náà ṣe fi ọ̀pá irin tì í títí tí apá fi ń ro wá, kò tilẹ̀ mì. Bí wọ́n ṣe lọ pe ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀tù nìyẹn.

Láti ọdún 1867 tí Alfred Nobel, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti gba ìwé ẹ̀rí pé òun ló ṣẹ̀dá dáínámáìtì, irú ẹ̀tù kan tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, ó dá mi lójú pé sùúrù ni wọ́n ń tà mọ́ ọn. Ọ̀gá ní ẹni tó bá ru ẹ̀tù kò gbọdọ̀ ru ohun tí yóò tanná ràn án, kí gbogbo wa sì pa fóònù. Ó lu ihò sínú àpáta, ó ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́, ó sì fi amọ̀ dí ẹnu ihò náà pinpin, kí agbára rẹ̀ má baà gba ẹnu jáde láìfọ́ òkúta.

Iṣẹ́ tèmi ni láti dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá. Ọ̀gá kígbe ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ bọ́tìnnì, gbogbo wa di etí. Ẹyẹ kan ké. Kò sí ohun mìíràn.

Ọ̀gá ní a ó dúró fún ìṣẹ́jú 30 gbáko, nítorí pé ẹ̀tù tó dákẹ́ kọ́ ni ẹ̀tù tó kú. Ìgbà náà gan-an ni màmá àgbàlagbà kan fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ọmọ mi, kí ló dé?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, a ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta ni.”

“Èmi ò gbọ́ ariwo kankan.”

“Kò tíì bú ni, mà.”

“Ohun tí kò bú ni ò ní jẹ́ kí n kọjá?”

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò mí bí oníjìbìtì. Wọ́n jókòó, wọ́n yọjú sí aago ọwọ́ wọn, wọ́n sì ń kéde ìṣẹ́jú tó kù fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àkókò pé, ọ̀gá nìkan lọ wò ó, ó bá ẹnu wáyà kan tó ti yọ, ó sì tún un so. Lọ́tẹ̀ yìí, àyà ni mo fi gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Àpáta fọ́ yángá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì dà sínú ọ̀gbun. Ṣùgbọ́n òkúta kan tí kò ju ìkúùkù lọ fò kọjá lórí àpò gbogbo wa, ó sì lọ tààrà síbi igi tí ọ̀gá dá fi àpò tirẹ̀ kọ́, níbi tó ti sọ fún wa pé òkúta kì í dé. Fúláàsì tíì inú rẹ̀ ló bà. Tíì náà ń kán tótó láti ìdí àpò, kò sì sẹ́ni tó láyà láti rẹ́rìn-ín.

Màmá ló kọ́kọ́ kọjá. Wọ́n dúró síwájú àpò náà, wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n wá kọjú sí ọ̀gá: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí bú dáadáa.”