Ẹ̀ẹ̀mẹrin Ló Ń Mí

Sátidé, ọjọ́ 18, oṣù Ọ̀wàrà, 2025. Adó-Èkìtì.

Òjò ló jí wa lónìí. Kò dá títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Nígbà tí mo jáde sí àgbàlá, ewé igi ọsàn ti bo ojú irin kékeré tí mo tò yí ìdí rẹ̀ ká, ẹrẹ̀ ti ta bò ó, omi sì dúró láàárín irin méjèèjì. Mo gbé ọkọ̀ ojú irin ìṣeré mi lé e bẹ́ẹ̀, mi ò nu nǹkan kan. Mo tẹ rímóòtù, ó gbéra, ó la inú ẹrẹ̀ yẹn kọjá bí ẹni tí kò rí i. Inú mi dùn débi pé mo ké pe ìyá àwọn ọmọ nílé ìdáná pé kó wá wò ó. Ó wá lóòótọ́, tòun ti èlùbọ́ lọ́wọ́.

Ojú irin ni ọkọ̀ yìí ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: iná á wọ inú irin méjèèjì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gbà á níbẹ̀, á gbé e fún ẹ̀rọ tó ń yí i. Ìyẹn dára nínú yàrá tí wọ́n ń gbá láràárọ̀. Nínú àgbàlá tiwa, eruku ọyẹ́ á bo irin, kò ní ríná gbà. Òjò á rọ̀, kò ní ríná gbà. NẸ́PÀ á mú iná lọ, kò tilẹ̀ sí iná tí irin fẹ́ fún un. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rà á lóṣù Ògún, láàárín kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti bàtà, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fún irin níná kò sì tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé bátìrì ló máa gbé sínú, kó máa gbọ́ràn sí rímóòtù lẹ́nu, kó sì ní ohùn.

LGB ni wọ́n kọ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Lehmann ní ìlú Nuremberg, ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní 1968. Mìlímítà 45 ni àlàfo àárín irin méjèèjì, bí ọkọ̀ náà ṣe kéré sí ti gidi sì jẹ́ ìlọ́po 22.5. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ lórí ìwé, ó fún mi ní mìlímítà 1,012 àti díẹ̀. Mìlímítà 1,067 ni ti ojú irin àtijọ́ tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá. Kò jìnnà síra wọn rárá, ìyẹn sì wù mí gan-an, nítorí mo mọ ẹni tí mo ń ṣe é fún.

Ojú irin kò gba Èkìtì rí. Láti Èkó ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi àwa àti òkè wa sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Bàbá mi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n fi abẹ́ òkè Olósùnta ṣe ibi ìṣeré, wọ lọ́rì lọ sí Òṣogbo nígbà èwe wọn kí wọ́n tó fojú kan ọkọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìkóná nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú Ẹnúgù sínú iná, kí wọ́n tó padà sílé wá dáko. Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa nítorí ojú tí wọ́n ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ti bátìrì sílẹ̀ ná, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á fẹ́ kà á. Inú bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú ni mo ti tú sẹ́ẹ̀lì jáde, èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 18 tó sì gùn ní 65. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń kú pa pọ̀. Mo fi iná sí mẹ́sàn-án, mo kọ iye fóòtì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfọwọ́ kàn wọ́n. Mo da àwọn tó ti jò wálẹ̀ nù, mo mú mẹ́rin tó súnmọ́ra jù nínú ìyókù. Mẹ́rin tí a so tẹ̀lé ara wọn jẹ́ fóòtì 14.8, bí wọ́n bá yó, 16.8. Wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, òun ló máa kọ́kọ́ gbẹ, àwọn mẹ́ta yòókù á sì máa wọ́ ọ lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi so bọ́ọ̀dù aláàbò mọ́ wọn, tó ń gé iná kí èyíkéyìí nínú wọn tó gbẹ jù tàbí yó jù. Ẹ má ṣe jó lẹ́ẹ̀dì sára sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ o. Ooru á ba inú rẹ̀ jẹ́, irú bátìrì yìí sì lè gbiná. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀, orí irin yẹn ni kí ẹ jó o sí. Sólà òrùlé wa ni mo fi ń fún un níná.

Rímóòtù kò gba wàhálà. Bọ́ọ̀dù tó ń gbọ́ ọ kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, àfi pé ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ju bó ṣe ń gbọ́ mi lọ, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì. Mo jó kapasítọ̀ kékeré kan, èyí tó ń gbé ariwo iná mì, sí ẹnu ẹ̀rọ náà, mo sì gbé wáyà tó ń gba ọ̀rọ̀ rímóòtù jìnnà sí i. Ó dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Túsìdeè ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí mo ti so gbogbo nǹkan tán, mo gbé ọkọ̀ lé irin láti dán an wò. Sìkúrúdáráfà mi wà lórí irin lápá kejì igi ọsàn, ó dábùú irin méjèèjì, mi ò ká a sí nǹkan kan, nítorí kò kúkú sí iná nínú irin mọ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kan irin báyìí, mo gbọ́ tá! Gbogbo rẹ̀ kú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Wáyà tó ń gba iná látinú ẹsẹ̀ sínú ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì gé e. Iná bátìrì gba ọ̀nà yẹn padà, ó gba ẹsẹ̀ jáde, ó wọ inú irin, ó bá sìkúrúdáráfà pàdé. Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ gbà jáde. Fíúsì ámpù mẹ́ta tí mo fi sí ẹnu bátìrì ló gbà mí sílẹ̀. Òun nìkan ló jó. Mo gé wáyà yẹn ní ìhà méjèèjì, mo sì wé ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí fíúsì yẹn ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá máa kọ níbí.

Nísinsìnyí tí irin kò gbé iná mọ́, ohunkóhun tó bá lè gbé ọkọ̀ dúró ló lè jẹ́ irin. Díẹ̀ ni èyí tó bá a wá, kò ju ìlàjì àyíká lọ. Mo lọ bá ẹni tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àjílòsùn, ó gé àjẹkù rẹ̀ fún mi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì kàn án mọ́ pátákó. Bí mo ṣe rí irin tó yí gbogbo ìdí igi ọsàn ká nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló wá kù.

Mo kọ́kọ́ gbé sípíkà lásán sínú ọkọ̀ ẹ̀yìn, èyí tó yẹ kó máa ru èédú àti omi. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Sípíkà tí kò ní àpótí dà bí awọ tí a na sókè láìkàn án mọ́ igi: bí a bá lù ú, kò ní dún bí ìlù. Afẹ́fẹ́ tó ń tì síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fà á padà, ìkejì á pa ìkíní. Mo bá ṣe àpótí fún ẹ̀yìn rẹ̀ láti ara páìpù omi, mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ẹnu rẹ̀ pa, mo dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, mo sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ohùn ọ̀hún yàtọ̀ pátápátá. Ó ní àyà.

Bọ́ọ̀dù ohùn, èyí tó ń mú ìró èémí ọkọ̀ jáde nínú sípíkà, kò mọ ìgbà tó yẹ kí ọkọ̀ mí, àfi kí a sọ fún un. Òòfà kéékèèké ló ń sọ fún un. A ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹsẹ̀, a ó fi súìṣì kékeré tó wà nínú gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òòfà kan bá ti kọjá, súìṣì á pa ẹnu dé, bọ́ọ̀dù á mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀yìn ni mo lẹ òòfà mẹ́rin mọ́, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì, bọ́ọ̀dù àti sípíkà wà, mi ò sì fẹ́ fa wáyà míì wá láti iwájú.

Bàbá jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé nígbà tí mo ń fi èyí hàn wọ́n láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ yí igi ọsàn ká lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì.

“Ta ló ń lé e?”

Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń lé e.”

“Èémí rẹ̀ yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ti gidi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń mí bí ẹsẹ̀ ńlá iwájú bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Dín in kù, kó máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o kà á.”

Mo dín in kù. Mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ńlá, mo ń kà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀yìn kéré: kí ẹsẹ̀ ńlá tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ti yí lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Òòfà mẹ́rin, lọ́nà ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, mẹ́fà. Ojú wọn tí a ń tọ́jú kò lè rí ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí itan wọn. Sílíńdà méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, stíìmù á ti písítìn láti iwájú, á tún tì í láti ẹ̀yìn. Ìgbàkígbà tí stíìmù bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà èéfín ló ń gbà jáde, èémí kan nìyẹn. Méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Wọ́n sì ti fi ọwọ́ ọ̀tún ṣíwájú ọwọ́ òsì ní ìdá mẹ́rin ìyípo, nítorí bí àwọn méjèèjì bá dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ lè dúró síbẹ̀ kó má lè gbéra mọ́. Ìdí nìyẹn tí èémí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń tẹ̀ lé ara wọn láìsí àlàfo. Àtàǹpàkò wọn ń lu orí itan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: fà, kà, fì, kì. Fà, kà, fì, kì.

Láti kékeré ni mo ti ń pe ọkọ̀ ojú irin ní fàkàfìkì. Mi ò rò ó rí pé ìyípo ẹsẹ̀ kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, tí kò lé, tí kò dín. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gbọ́ ọ dáadáa.

Mo tú gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ṣí àwọn òòfà kúrò lẹ́yìn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ńlá, mo sì fa wáyà méjì láti iwájú sí ẹ̀yìn, pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì kékeré tó ṣeé yọ. Nígbà àkọ́kọ́, ó ń tiro: fà, kà, fìkì. Òòfà kan ló yẹ̀ díẹ̀. Mo gé bébà róbótó, mo ká a sí méjì, mo tún ká a sí méjì, mo fi ìlà ìkáwé rẹ̀ wọn àyè òòfà kọ̀ọ̀kan, mo sì tún un lẹ̀. Ó tọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbé rímóòtù fún Bàbá. Wọ́n mú un gbéra díẹ̀díẹ̀, èémí ńlá kan, ìsinmi, èémí ńlá mìíràn, bí ẹni tó gbé ẹrù sórí. Wọ́n fún un ní fèrè kó tó dé ibi tí àwọn ọmọ dúró sí, wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ fọn ọ́n níbi tí ènìyàn bá ń sọdá. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fi wà á. Nígbà tí mo wọn bátìrì, ó ṣì wà ní fóòtì 14.6.

Ohun kan ṣì kù tí wọn ò gbà. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, awakọ̀ á ti stíìmù, èémí á dákẹ́, ìró irin nìkan ni wọn yóò máa gbọ́. Ìgbà yẹn nìkan náà sì ni ẹni tó ń kóná lè jókòó. Tèmi ń mí lọ ní gbogbo ìgbà, nítorí òòfà kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, mo máa so ojú kan tó ṣófo lórí rímóòtù mọ́ wáyà súìṣì yẹn, kí a lè gé èémí rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́. Bàbá ní àwọn ni yóò máa sọ ibi tí yóò ti dákẹ́.