Gééjì omi kọ́ ni gééjì ọ́ìlì: ohun tí mo kọ́ ní Brands Hatch

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi nọ́ọ̀kì lórí pápá eré-ìje Brands Hatch ní Kent, inú mi kò sì tíì rọ̀ títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ asáré kékeré bíi tèmi, tí ẹ máa ń sanwó láti lọ sá a dáadáa lórí pápá lọ́jọ́ ìsinmi, ni mò ń kọ ọ́ sí, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí mò ń wò ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń wò, ohun tí n kò wò ni ẹ̀yin náà kò wò.

Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó. Omi ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nípa ọkọ̀. A kò ní kúrò ní gáréèjì láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo rédíétọ̀, bí gééjì bá sì ti gòkè lójú ọ̀nà, wọ́n á páákì kíá. Ní ti ọ́ìlì, bó bá ṣáà ti pé lórí irin ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé dé London, òun náà ni mo gbé wọ pápá.

Ooru mú lọ́jọ́ náà, ó sún mọ́ 30°C. Ojú ọ̀nà kúkúrú Brands Hatch tí wọ́n ń pè ní Indy kò tó kìlómítà 2, nítorí náà ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni mo fi ń yí i po, kò sì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti lè mí. Jíà kẹta, jíà kẹrin, 7,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), bíréèkì, a tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti yí ọ́ìlì lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú, ó sì kún dé ìwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé n kò tọ́jú ọkọ̀ mi. Nígbà tí a dé ìyípo kẹtàlá, abẹ́rẹ́ gééjì omi ṣì dúró sí àárín gan-an, níbi tó ti wà láti àárọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Paddock Hill ni kọ́nà àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló yí sí, ilẹ̀ sì já lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń bọ́ sínú àfonífojì. Àárín kọ́nà yẹn ni mo ti rí iná pupa kékeré tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì: ó tàn, ó kú. Mo ní bóyá oòrùn ló ń ta sí mi lójú. A gun òkè lọ sí Druids, kọ́nà kejì, ó tún tàn, kò sì tètè kú mọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gééjì omi ni mo wò! Ó wà láàárín, mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ. Kí a tó jáde ní Graham Hill Bend ni ariwo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹni ń fi òòlù kan irin ní yàrá kejì, bí ẹ́ńjìnnì sì ṣe ń yára ni òun náà ń yára. Àbúrò mi gbá mi lápá, ó ń ké láti inú akoto rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á! Ẹ pa á!" Mo pa á. Sítíárìn le mọ́ mi lọ́wọ́, a rọra yí bọ́ sórí koríko, wọ́n sì fi àsíá pupa dá gbogbo àwọn yòókù dúró nítorí tèmi. Òórùn ọ́ìlì tó ti jóná gba inú ọkọ̀. N kò lè dìde.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí mo kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń kọ gbogbo ìwọ̀n ìgbóná ẹ́ńjìnnì sínú fóònù mi, fóònù náà sì wà nínú àpò mi. Nígbà tí mo yọ ọ́ wò lórí koríko yẹn, omi jẹ́ 98°C, ọ́ìlì jẹ́ 141°C.

Mẹkáníìkì tú u. Ọ́ìlì tó jáde kún fún ègé irin wínníwínní tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ó sì gbé bẹ́rìn kan lé mi lọ́wọ́ tí ojú rẹ̀ ti họ títí tó fi pọ́n bíi bàbà. Ẹ́ńjìnnì àlòkù àti iṣẹ́ ọwọ́ gba £4,000 lọ́wọ́ mi, mo fi kúlà ọ́ìlì, ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, kún un, ọkọ̀ ti ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: gééjì omi kọ́ ni gééjì ọ́ìlì. Omi ní rédíétọ̀ àti fáànù tirẹ̀, wọ́n sì ṣe abẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kí ó lè dúró sí àárín bí ìgbóná tilẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọ́ìlì ló ń wọ àárín bẹ́rìn àti abẹ́ písítìnì tí iná ń jó lórí rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò sì ní kúlà fún un. 20 tó wà lára 0W-20 tí wọ́n ń kọ sára agolo ọ́ìlì láti fi sọ bó ṣe nípọn tó, ní 100°C ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bó bá dé 140°C, ó ti ṣàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tó fi ń ya irin méjì sọ́tọ̀ ti dín kù, bí ó bá sì tún rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kọ́nà, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà.

Nítorí náà, n kì í kọjá 3,000 rpm mọ́ kí ọ́ìlì tó dé 80°C, nítorí omi máa ń gbóná tipẹ́ kí ọ́ìlì tó gbóná, níbẹ̀ náà gééjì omi á tún tàn yín jẹ. Bó bá dé 120°C, mo dẹwọ́. Bó bá dé 130°C, mo fi ìyípo kan tutù ú pẹ̀lú jíà gíga àti rpm kékeré, mo sì jáde. N kì í pa ẹ́ńjìnnì lójijì bí mo bá dé ìdúró. Mo máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì kún dé àmì òkè, kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Kúlà tí mo fi sí i ní ìlẹ̀kùn tó ń fi ìgbóná ṣí ara rẹ̀, nítorí ní ìgbà òtútù, ọ́ìlì tó tutù jù náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àwọn kan sọ fún mi pé ọ́ìlì tó nípọn, bíi 5W-40, ni ì bá gbà mí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó nípọn tí ẹnikẹ́ni kò wo ìgbóná rẹ̀ yóò ṣì dé 141°C. Ẹ má sì dúró de iná pupa yẹn. Agbára títì ọ́ìlì ló ń sọ, kì í sọ ìgbóná, ìgbà tó bá sì fi tàn, ẹ ti pẹ́.

Àbúrò yẹn ní òun ṣì máa bá mi lọ. Mo ti so fóònù mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú rẹ̀, a sì ti jọ ṣàdéhùn pé bí a bá ti ń jáde ní Clark Curve, kọ́nà ìkẹyìn, sí ojú ọ̀nà gígùn, ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò máa ka nọ́ńbà ọ́ìlì sí mi létí.